Ilé Ọlọ́wọ́ Òsì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Páànù ti bo ilé tán. Mo dúró láàárín pálọ̀ láàárọ̀ yìí, mo wòkè, mi ò rí ojú ọ̀run mọ́, inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Búlọ́ọ̀kù ṣì wà ní ìhòòhò, ilẹ̀ ṣì jẹ́ iyanrìn, férémù ìlẹ̀kùn kankan ò tíì sí, ṣùgbọ́n ó ti di ilé. Mo pe orúkọ ara mi nínú yàrá kan, mo gbọ́ ọ nínú èkejì.

Oníṣẹ́ iná wá wo iṣẹ́. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ nínú ọkàn mi: Kékeré-Nìyẹn, nítorí kò sí ohun tí èèyàn bi í tí kì í fi ìyẹn dáhùn. Ó fi ọwọ́ lu ògiri bí ẹni ń ra ẹran, ó ní, "Àǹtí, bíríkìlà ń bọ̀ wá rẹ́ ògiri lópin oṣù yìí. Gbogbo páìpù tí wáyà máa gbà kọjá gbọ́dọ̀ ti wà nínú búlọ́ọ̀kù kó tó dé. Ohun tí ẹ bá gbàgbé, ṣísẹ́ẹ̀lì la máa fi wá a lẹ́yìn náà. Torí náà ẹ rìn yí ilé ká, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ẹ bá fẹ́ súwíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì."

Ṣọ́ọ̀kì kẹ̀. Ẹni tó ń bá aránṣọ sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ń bá ẹja sọ̀rọ̀ omi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi kó tó sọ ọ́ tán: kí a tó fi aṣọ inú bo kóòtù la ti ń dá àpò sí i. Tí a bá ti rán an pa, àpò di ẹjọ́.

Ọkọ mi, tí mò ń pè ní Dírẹ́bà, wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀ kó tó wálé. Àwọn ọmọ wà níléèwé tí wọ́n ń gbé. Èmi nìkan ni onílé báyìí, mo sì ń gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo ya ọ̀dọ̀ Bàbá mi bí mo ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, aago ọwọ́ kan wà ní títú níwájú rẹ̀, sikudíráífà tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Kò mọ̀ pé mo wọlé. Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ìyẹ̀wù sí ìyẹ̀wù ló ṣílẹ̀kùn fún mi, bó ṣe máa ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó bá wá a láti ọdún tí etí Bàbá ti di pátápátá. Mo rìn yí ká, mo dúró síbi tí ojú rẹ̀ á ti rí mi. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, yàrá yín ti lórùlé."

Ó wo ẹnu mi. "O kú iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ."

Mo ti mọ̀ pé ó máa sọ ọ́. Ẹni tó ni ilé tí Bàbá ń gbé fẹ́ wó o lópin oṣù kẹta, gbogbo ayálégbé á jáde. Ọ̀nà méjì ló wà: yàrá tí mo ń kọ́ fún un, tàbí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ìrìn odindi ọjọ́ kan nínú ọkọ̀. Mo bi í pé kí ni mo ṣe fún un.

"O ò ṣe nǹkan kan. Ìwọ á lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọkọ ẹ á wà lójú ọ̀nà, èmi á wá jókòó síbẹ̀ bí ẹrù tí wọn ò tíì tú. Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn á kàn án títí, á sì padà lọ. Èrò pọ̀ nílé ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnì kan á máa ṣílẹ̀kùn."

"Ṣé mo ní kí ẹ wá ṣílẹ̀kùn ni? Ẹ wá sinmi."

Ó gbé aago náà sílẹ̀. "Ọmọ mi, ẹni tí kò lè ṣílẹ̀kùn ilé kan, àlejò ló jẹ́ níbẹ̀."

Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Mo pariwo díẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Má pariwo, àtariwo àti ohùn jẹ́jẹ́, kò sí èyí tí mo gbọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbé ojú ẹ síbí." Mo gbé ojú mi síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo ti rí i. Mo ti rí i o.

Mò ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù. Iná pupa kékeré tó wà létí áyọ́ọ̀nù ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú, bó ṣe máa ń ṣe látọjọ́ tí mo ti rà á. Mo kàn dúró, mò ń wò ó. Nǹkan yìí ń bá mi sọ̀rọ̀: mo ti gbóná, mo ti tutù. Kò sì fọhùn rí. Kọ́là bẹ̀rẹ̀ sí í rùn kí n tó gbé ọwọ́ mi.

Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo gba ilé tí Kékeré-Nìyẹn ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lọ. Ó wà lórí àkàbà. Mo ní, "Ọ̀gá, tí ẹnì kan bá tẹ agogo ní géètì mi, ṣé iná lè máa ṣẹ́jú nínú yàrá dípò kí agogo dún?"

Ó ní, "Kékeré nìyẹn."

Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà tó báyìí rí láyé mi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìka ya á sínú eruku ilẹ̀: bọ́tìnnì ní géètì, páìpù lábẹ́ ilẹ̀ títí dé ìdí ògiri, kó gba inú búlọ́ọ̀kù gòkè, kó yọ síbi tí a bá fẹ́ kí gílóòbù wà. Mo bi í pé tí iná bá lọ ńkọ́. Ó ní bátìrì kékeré kan á máa dúró dè é. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ mí, kí n má pẹ́ sàmì síbẹ̀, torí bíríkìlà yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Mi ò tíì sọ fún Bàbá. Mo fẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo wà nílé tuntun látàárọ̀ títí oòrùn fi kọjá orí ilé, èmi, ṣọ́ọ̀kì mi àti téèpù tí mo fi kọ́rùn.

Mi ò fẹ́ fi pépà ṣe é. Bí mo ṣe máa ń wọn aṣọ lára ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ni mo ṣe wọn ilé. Mo máa dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, màá dijú, màá ṣe bí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé tó ti rẹ̀, màá wọlé, màá na ọwọ́. Ibi tí ọwọ́ bá bà lára ògiri, ibẹ̀ ni mo sàmì sí. Mo ṣe é ní gbogbo yàrá, ní ilé ìdáná, ní ilé ìwẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, torí náà mo fa ti yàrá àwọn ọmọ wálẹ̀ díẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lókè tábìlì, kì í ṣe lábẹ́, kí n má baà máa rákò mọ́ láyé mi.

Yàrá Bàbá ni mo fi gbẹ̀yìn. Mo sùn sórí iyanrìn níbi tí ibùsùn rẹ̀ máa wà, mo wo ògiri tó kọjú sí mi, mo dìde, mo ya róbótó ńlá sí i, mo kọ IRAWỌ sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ gílóòbù náà lórúkọ. Bíríkìlà kan tó ń kọjá lójú ọ̀nà yọjú, ó rí mi tí mo kún fún iyanrìn látorí dé ẹsẹ̀, ó ní ṣé kò sí.

Kò sí nǹkan kan, inú mi ló dùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Dírẹ́bà pè. Mo ròyìn wáyà fún un títí. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́rọ, ó dáa gan-an. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà nídìí tẹlifíṣọ̀n?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Èmi àti Kékeré-Nìyẹn lọ ra wáyà. Ó ti gbówó lórí látìgbà tí a ti béèrè lóṣù tó kọjá. Oníṣọ́ọ̀bù ní ayé ló ń gbówó lórí, wáyà kàn ń tẹ̀ lé e ni. A ná an títí ó fi ní kí a máa kó ẹrù òun lọ kí òun rí ojú sinmi. Pupa, dúdú, àwọ̀ ewé. Mo so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà bí òwú, àwọn èèyàn ń wò mí.

Páìpù pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ti ní kí wọ́n gbé kọ́tìnnì pálọ̀ tì ná, kí owó páìpù lè pé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò ńlá. Mo sáré lọ wo ilé. Páànù ò jò níbì kankan. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n ti ń gé ògiri. Ẹ̀rọ náà ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀, eruku bo gbogbo ilé, ìpéǹpéjú Kékeré-Nìyẹn funfun bí ti arúgbó. Àmì ṣọ́ọ̀kì mi ló ń tẹ̀ lé láti yàrá dé yàrá. Ní yàrá kejì, ó dúró, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ibí yìí ló dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ nilé," ó sì gé e.

Nírọ̀lẹ́, ó so wáyà géètì pọ̀ mọ́ bátìrì, ká lè dán an wò. Mo sáré lọ sí géètì, ìyẹn ni pé mo sáré lọ síbi tí géètì máa wà, mo tẹ bọ́tìnnì, mo sáré padà. Ó ti kú kí n tó dé. A yí iṣẹ́ padà: ó lọ tẹ̀ ẹ́, mo dúró nínú yàrá Bàbá. Ìràwọ̀ ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Omi bọ́ lójú mi, mo di ẹ̀bi rẹ̀ ru eruku.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bó ṣe ṣẹlẹ̀, àfi ìwé yìí.

Káfíńtà kó férémù ìlẹ̀kùn dé. Ó gbé ti yàrá àkọ́kọ́ dúró, ó gbé ìlẹ̀kùn sí i kó fi wò ó, ó ṣí i wọnú. Ìlẹ̀kùn lọ títí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó bo ihò súwíìṣì pátápátá. Èèyàn á wọlé, á ti ìlẹ̀kùn padà, á tó rí ibi tó ti máa tan iná. A lọ sí yàrá kejì. Bákan náà. Ìkẹta. Bákan náà. Èmi, káfíńtà àti Kékeré-Nìyẹn dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń wo ọwọ́ mi. Mo di ṣọ́ọ̀kì mú, mo ti fẹ́ lọ sàmì míràn.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé ọwọ́ òsì lẹ máa ń lò ni?"

Kékeré-Nìyẹn fi ọwọ́ borí. Gbogbo ilé. Mo dijú, mo wọlé, mo na ọwọ́ òsì, mo fi gbogbo súwíìṣì ilé ọmọlúàbí sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Mò ń ránṣọ fún ẹni ẹlẹ́ni láti ìgbà èwe mi, mo mọ̀ pé kì í ṣe ara mi ni mò ń wọ̀n, mo sì wọn ara mi. Ojú tì mí débi pé mo jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì.

Kékeré-Nìyẹn ní, "Ní yàrá kejì, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ní bóyá bí àwọn ọlọ́lá ṣe ń ṣe é báyìí ni." Gígé ògiri míràn á gba páìpù míràn, wáyà míràn, ọjọ́ míràn, bíríkìlà sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ni mo bá wo férémù tó wà lọ́wọ́ káfíńtà. Mo ní, "Ọ̀gá, tí àpò aṣọ bá ti wà lódì, tí mi ò lè tú u mọ́, kọ́là ni mo máa ń yí. Ṣé ìlẹ̀kùn yẹn ò lè ṣí sí apá kejì?"

Ó yí i wò. Ó tún yí i wò. Ó ní ó lè ṣí síbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn tó bá wọ ilé yìí á máa wá iná síbi tí kò sí.

Mo ní kí wọ́n máa wá a. Wọ́n á mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo mú Bàbá wá wo ilé. Mo ní kó wá bá mi wo ibi tí ìṣó aago ògiri rẹ̀ máa wà. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó wọ bàtà rẹ̀.

Kékeré-Nìyẹn ti bá mi so gílóòbù kan mọ́ bátìrì nínú yàrá rẹ̀, ó sì ti fi súwíìṣì kan síbẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ súwíìṣì kó tó wọlé kó má baà rò pé orí mi ti dàrú, ṣùgbọ́n ó ti ṣáájú mi. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ láìwò ó. Iná tàn.

Ó dúró. Ó pa á. Ó jáde, ó tún wọlé, ó tún na ọwọ́. Iná tàn. Ó yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Látọjọ́ tí mo ti dáyé, ilé ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni mò ń gbé. Ta ló sọ fún wọn pé ọlọ́wọ́ òsì ni mí?"

Mo ní, "Àṣìṣe ni, Bàbá. Àbí kí n pè é ní ogún. Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ yìí sílẹ̀ fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo ní ó ti tó àkókò. Mo ní kó jókòó, mo fẹ́ fi nǹkan kan hàn án. Ó fa korobá kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó jókòó sí i. Mo sáré lọ sí géètì, mo tẹ bọ́tìnnì, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo sáré padà. Bàbá ń wo òde láti ojú fèrèsé.

"Bàbá, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí ajá kan tó kọjá."

Ó ti jókòó sídìí fèrèsé. Dájúdájú ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Ìgbà wo ni Bàbá mi dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án rí? Ìmọ́lẹ̀ tó fi ń tún aago ṣe, fèrèsé ló ti ń wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì kọ sí Ìràwọ̀ mi. Ibi tí aláìsàn máa ti rí i ni mo fi sí, kì í ṣe ibi tí Bàbá á ti rí i. Inú mi bàjẹ́ gidigidi. Mo ṣàlàyé fún un, bọ́tìnnì, páìpù, bátìrì, gbogbo rẹ̀, mo sọ ọ́ yára jù, ó ní kí n tún un sọ.

Mo tún un sọ.

Ó na ọwọ́ òsì sí mi. "Mú ṣọ́ọ̀kì ẹ wá."

Ó ya tábìlì rẹ̀ sórí iyanrìn lábẹ́ fèrèsé. Ó jókòó sídìí rẹ̀, ó tẹ orí ba bí ẹni tó ń wo inú aago, ó fi ojú wá ibi tó ṣì lè rí láìgbórí. Ó ya àmì kan sí ògiri lábẹ́ fèrèsé, kò tóbi ju róòlù òwú ìránṣọ kan lọ. "Ibí. Kó má tóbi. Iná ńlá á jẹ́ kí ọwọ́ mi gbọ̀n." Ó dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó ya òmíràn sókè ibi ìfọwọ́. Ó lọ sí ilé ìwẹ̀. "Ṣé tí mo bá ń wẹ̀, ẹni náà á dúró síta títí?" Ó ya ọ̀kan síbẹ̀ pẹ̀lú. Ó lọ bá Kékeré-Nìyẹn, ó bi í bóyá iná náà lè ṣẹ́jú lọ́nà kan fún géètì, kó ṣẹ́jú lọ́nà míràn tí ọmọ òun bá tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀ láti ilé ìdáná pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, Kékeré-Nìyẹn ò sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó họ orí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó."

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú Bàbá padà délé rẹ̀, kò sọ pé òun máa wá. Mo sì bẹ̀rù láti béèrè.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Bíríkìlà dé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì.

"Àǹtí, sìmẹ́ńtì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀, kó fi yàrá Bàbá, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó kùn títí. Mo bá a rán ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ tó ti ya nídìí, níbẹ̀ níbẹ̀, kíkùn rẹ̀ dín kù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Gbogbo páìpù ti wọlé. Kékeré-Nìyẹn ti rí bí iná á ṣe máa ṣẹ́jú lọ́nà méjì tí Bàbá béèrè, ó ń fi yangàn fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. Mo fi fóònù ya àwòrán ògiri kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bò ó, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìṣó gún wáyà lọ́jọ́ iwájú. Lẹ́yìn náà mo dúró wo bíríkìlà bó ṣe ń rẹ́ sìmẹ́ńtì lé àmì Bàbá, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àpò ti wà nínú. A ti rán an pa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n Bàbá fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí n kà á fún un: yàrá ti wà nílẹ̀, wọ́n ti fọ kọ́tìnnì, ọjọ́ wo ló ń bọ̀? Mo gbé fóònù síwájú Bàbá, ó kà á fúnra rẹ̀. Ó mú un lọ́wọ́ pẹ́.

Ó wá ní, "Ṣé wọ́n ti rẹ́ ògiri lórí wáyà mi?"

Mo ní wọ́n ti rẹ́ ẹ. Ó mi orí pé ó dáa, ó padà sídìí aago rẹ̀.

Wáyà mi. Ó ní wáyà mi. Mo sọ ọ́ fún ara mi títí mo fi délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Dírẹ́bà ti dé. Wọ́n ti kun ilé, iná ti wọlé. Mo ní kó dijú kó wọ yàrá wa. Ó wọlé, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ògiri bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. "Ìyá Ẹlẹ́rọ, o ò fi súwíìṣì síbí?" Mo na ọwọ́ mi, iná tàn.

Ó wo súwíìṣì, ó wò mí, ó ní òun ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ni mo máa yí ayé padà sí apá ọ̀dọ̀ mi. Ó ní òun á kọ́ ọ bí òun ṣe kọ́ ọkọ̀.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

A kó lọ sílé tuntun lónìí. Nígbà tí ẹrù wa wọ ọkọ̀ tán, Dírẹ́bà wa ọkọ̀ gba àdúgbò Bàbá. Títí di àárọ̀ yìí, ohun tí Bàbá sọ fún gbogbo ayé ni pé ọ̀sẹ̀ yìí lòun máa wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, kò sì tíì yí i padà lójú mi.

Ó jókòó síta lórí àpótí rẹ̀. Ó ti fi aṣọ di àwọn aago. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó so wọ́n pọ̀.

Kò sí ẹni tó ń gbé tábìlì wọ bọ́ọ̀sì.

Mo bi í bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀. Ó ní obìnrin aládùúgbò òun ti bá òun pè é lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n náà sì ní kí òun má kàn jókòó síbẹ̀ kí òun máa gbádùn iná. Ó di ọwọ́ mi mú. "Gbọ́ mi dáadáa. Màá dán an wò fún oṣù kan. Tí iná yẹn ò bá sọ̀rọ̀ bí o ṣe wí, ẹ ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, o ò sì ní sunkún."

Mo ní mo gbọ́. Obìnrin aládùúgbò rẹ̀ ló ń sunkún. Ó ní ta ni òun á máa ṣílẹ̀kùn fún báyìí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Dírẹ́bà ti padà sójú ọ̀nà láàárọ̀. Mo fi Bàbá sílẹ̀ nílé, òun nìkan, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò rán nǹkan kan tó dára. Mo rán apá ṣẹ́ẹ̀tì kan mọ́ ibi tí kò yẹ, mo tú u.

Òjò bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀ wálé. Nígbà tí mo wọ òpópónà wa, mo rí i pé gbogbo ilé ló ṣókùnkùn, iná ti lọ. Bátìrì yẹn, a ò tíì dán an wò látìgbà tí wọ́n ti kun ilé. Mo dúró sí géètì, omi ń ṣàn wọ ọrùn mi. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò mi, mò ń fi ọwọ́ kàn án. Mo fi í sílẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Kò sí nǹkan kan. Òjò nìkan ni mò ń gbọ́. Mo ka irin géètì, mo wo fèrèsé, mo bẹ Ọlọ́run fún wáyà. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò fẹ́ gbé ìka mi kúrò.

Mo wá gbọ́ sálúbàtà lórí kọnkéré. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ta ni?" ni ó pè, kò sì dúró de ìdáhùn, torí kò lè gbọ́ ọ. Irin yọ. Géètì ṣí. Bàbá mi dúró síbẹ̀, ó fi aṣọ ìnura borí, dígí tó fi ń wo inú aago ṣì wà lójú rẹ̀ kan.

Ó ní, "Ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ti rí i. Sálúbàtà ni mò ń wá. Ẹ̀ẹ̀kan ni kó o máa tẹ̀ ẹ́, èmi kì í ṣe adití."

Ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ọwọ́ òsì pè mí wọlé bí baálé ilé ṣe ń pe èèyàn.

"Wọlé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nu ẹsẹ̀ ẹ kó o tó wọ ilé mi."

Mo nu ẹsẹ̀ mi.